Owó Àfihàn Kì í Ṣe Owó Ìnáwó

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí kò dùn mọ́ mi lẹ́nu, nítorí pé ọwọ́ èmi tìkára mi kò mọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá dákẹ́ nítorí pé òun náà jẹ̀bi, ó ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Láàrin ọdún kan tí ó kọjá, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ọ̀kan láti Igbótako, ọ̀kan láti Òde-Ìrèlè, ọ̀kan láti inú ìlú Òkìtìpupa níhìn-ín. Gbogbo wọn ní ọmọ tí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ìwé sí pé kí ó máa bọ̀. Inú mi dùn sí i, mo sì múra láti dáhùn bí wọ́n bá béèrè iye tí ọmọ yóò ná, tàbí bí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ lọ kọ́ bá tọ́ sí iye náà. Kò sí ẹni tí ó béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìbéèrè kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú wá, bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Bàbá Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tí ó lè bá wa gbé owó sí báńkì fún oṣù kan?"

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, ẹ jẹ́ kí n là á fún un. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní físà àfi bí ó bá fi hàn pé òun ní ìyókù owó ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́, àti owó oúnjẹ àti ibùgbé fún oṣù 9. Owó náà gbọdọ̀ wà ní báńkì, ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òbí rẹ̀, fún ọjọ́ 28 gbáko, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ kankan nínú wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025, iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún oúnjẹ àti ibùgbé jẹ́ pọ́n-ùn 1,529 lóṣù fún ẹni tí yóò kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pọ́n-ùn 1,171 lóṣù fún ẹni tí yóò kàwé ní ìlú mìíràn. Bí ẹ bá ka a ní oṣù 9, ti Lọ́ńdọ̀nù di pọ́n-ùn 13,761, ti ìlú mìíràn di pọ́n-ùn 10,539. Owó ẹ̀kọ́ kò tíì sí nínú rẹ̀ o.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà kò ṣòro láti mọ̀: wọn kò fẹ́ kí ebi pa àlejò ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n àwa ti sọ ọ́ di ohun mìíràn. Àwọn ènìyàn wà nísinsìnyí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n gbé owó sí báńkì olówó-òfo fún oṣù kan, kí wọ́n gba èlé wọn ṣáájú, kí físà jáde, kí wọ́n sì kó owó wọn padà ní ọjọ́ kejì. Ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé ní ó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá tàbí ogún, àpò rẹ̀ sì gbẹ bí igbá tí a sá sóòrùn.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó a fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹni tí ó yá a. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé, owó tí a yá kì í sì dín títí ọjọ́ tí a ó san án. Òfin ti pa àṣà náà rẹ́ láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo wá bi yín léèrè: ọmọ tí ó dé òkèèrè láìní owó oṣù kejì lọ́wọ́, tí bàbá rẹ̀ ń san èlé nílé, tí òun fúnra rẹ̀ ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ní òru láti lè san gbèsè tí kò jẹ lẹ́nu, orúkọ wo ni ẹ ó fún un?

Mo sọ pé ọwọ́ mi kò mọ́. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣòwò epo pupa wá bá mi. Èmi ni mo kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni, tí ìwà rẹ̀ sì tutù. Yunifásítì kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á fún oyè ìkejì. Pọ́n-ùn 13,000 ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti san ìdajì. Mílíọ̀nù 9 náírà ni wọ́n fẹ́ rí ní báńkì, mílíọ̀nù 2 ni ọ̀rẹ́ mi ní. Èmi ni mo mú un lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí wọ́n ti mọ̀ mí, èmi ni mo fi ọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Mílíọ̀nù 7 ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 náírà ní èlé oṣù kan. Mo gbàdúrà lé ìwé náà lórí. Mo kọ èyí sílẹ̀ níhìn-ín kí ojú lè tì mí.

Ọmọ náà lọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Pọ́n-ùn 6,500 ni ó kù nínú owó ẹ̀kọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, iye pọ́n-ùn kan ní báńkì súnmọ́ náírà 575, nítorí náà ìyókù owó náà kò tó mílíọ̀nù 4 náírà, ọ̀rẹ́ mi sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé bí òun bá ta epo ọdún náà, òun yóò san án. Ní oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tí ó fi de náírà. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, pọ́n-ùn kan ti súnmọ́ náírà 1,900. Pọ́n-ùn 6,500 kan náà, láìfi kọ́bọ̀ kan lé e, ti ré kọjá mílíọ̀nù 12 náírà. Owó epo gòkè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Iye tí mo kọ yìí sì ni ti báńkì. Ẹni tí kò rí owó òkèèrè gbà ní báńkì, tí ó lọ rà á ní ọjà ìta, kò ní jẹ́ kí n parọ́.

Ó pè mí ní òru ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún náà. Kò sọkún. Ó bi mí pé ṣé wọ́n máa ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé sí i pé bí kò bá san owó ní ọjọ́ tí wọ́n dá, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, wọn yóò sì fi tó ìjọba létí. Ó ní búrẹ́dì àti tíì ni òun ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì bẹ̀ mí kí n má ṣe jẹ́ kí bàbá òun gbọ́. Mo jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ta oko ọ̀pẹ tí bàbá tirẹ̀ gbìn ní ọ̀nà Ìlútitun. Ẹni tí ó rà á mọ̀ pé ojú ń kán an, ó sì gé iye rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọmọ náà parí ẹ̀kọ́, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ méjì kò tíì rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan títí di òní. Bàbá wọn ṣì ń kí mi lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. N kò tíì mọ bí ó ti yẹ kí n máa dá a lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi ń dẹ́rù bà yín. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, BBC ròyìn pé Yunifásítì Teesside, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ nítorí owó tí wọn kò rí san lẹ́yìn ìṣubú náírà, a sì pàṣẹ fún wọn láti kúrò ní ìlú náà. Àwọn kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ wọn. A lè bínú sí yunifásítì bẹ́ẹ̀. Èmi náà bínú nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin físà wọn fi dandan lé e pé kí ilé ẹ̀kọ́ fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá yọ ránṣẹ́ sí ìjọba, a sì ti mọ òfin náà kí a tó jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà dáadáa, bí a ti ń ṣe é ní ojú pátákó. Ìjọba wọn béèrè oúnjẹ àti ibùgbé oṣù 9, ṣùgbọ́n oyè ìkejì a máa gba oṣù 12. Ta ni yóò bọ́ ọmọ ní oṣù 3 tí ó kù? Ní ìlú tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn 3,513 ni oṣù mẹ́ta náà ní òṣùwọ̀n ìjọba fúnra rẹ̀, n kò sì tíì bá òbí kan pàdé tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Owó físà di pọ́n-ùn 524 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Owó ìtọ́jú ara tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ pọ́n-ùn 776 lọ́dún kan láti oṣù kejì ọdún 2024. Nítorí pé físà ẹ̀kọ́ ọdún kan a máa lé ní ọdún kan pẹ̀lú oṣù díẹ̀, 1,164 ni ẹni tí ó ń lọ fún oyè ìkejì ń san, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbà á kí ó tó kúrò nílé. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, owó ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ òtútù, owó ìdúró tí onílé ń gbà kí ó tó fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá kan ṣoṣo a máa jẹ ju ìdajì iye oṣù tí ìjọba là sílẹ̀ lọ.

Ẹnu ni a fi ń sọ pé "bí ó bá dé ibẹ̀, yóò ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń pa wá jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ní ìgbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù tí òfin wọn là sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21 jẹ́ pọ́n-ùn 12.21 fún wákàtí kan. Ní òṣùwọ̀n ọdún 2025 yẹn, ẹni tí ó bá rí gbogbo wákàtí 20 náà ṣe, tí kò ṣàìsàn, tí ọ̀gá rẹ̀ kò dín in kù, yóò gba pọ́n-ùn 244.20 lọ́sẹ̀, èyí tí í ṣe 976.80 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìjọba sì sọ pé 1,171 ni yóò tó o jẹun, tó o sùn. Iṣẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ kò bọ́ ẹni tí ó ń ṣe é tán, báwo ni yóò ṣe san owó ẹ̀kọ́ pọ́n-ùn ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá? Àwọn kan rò pé àkókò tí a fi ń kọ ìwé àṣekágbá jẹ́ ìsinmi, tí ọmọ lè fi ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ oyè ìkejì, àkókò ẹ̀kọ́ ni, wákàtí 20 náà sì ni. Ọmọ tí ó bá ré òfin yìí kọjá lè pàdánù físà rẹ̀.

Ṣáájú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, tọkọtaya a máa lọ pọ̀: ọ̀kan ń kàwé, èkejì ń ṣiṣẹ́ láìsí òṣùwọ̀n wákàtí, owó ilé àti oúnjẹ a sì máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkálẹ̀ ṣì ń fi ìṣirò àtijọ́ yẹn ṣe ètò. Ọ̀nà náà ti dí. Láti oṣù yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́ àfi díẹ̀, bí àwọn tí wọ́n lọ fún ẹ̀kọ́ ìwádìí.

Àìtó owó ní òkèèrè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí àwọn baba wa ti ṣe é. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ òfin, owó sì wọ́n ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ilé gbé, nítorí pé aláwọ̀ funfun kò fẹ́ fi yàrá hayà fún wọn, kò yá owó láti fi ṣe àfihàn. Ó padà wá sí ilé, ó rìn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1929 títí di 1932, ó sọ àìní náà ní gbangba ní iwájú àwọn ọba àti àwọn ará ìlú, ó sì gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé gidi ni, tí ó ní òrùlé, tí ènìyàn sùn sí.

Àwọn Ìbíbíò kò tilẹ̀ dúró de ìgbà tí ọmọ wọn bá dé òkèèrè kí ìyà tó jẹ ẹ́. Ní 1938, ẹgbẹ́ gbogbo ìlú wọn dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun. Mẹ́fà péré. Wọn kò rán ogójì lọ kí ẹbi pa ogójì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, Udo Udoma, padà wá di adájọ́, ó sì di adájọ́ àgbà ní ilẹ̀ Uganda. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìkúrò ní ilé. Ìwé tí ó ń kà nílé ni ó fi gbà á. Ohun tí kò ṣeé kọ́ ní ilé, èyíinì òfin, nìkan ni ó ná owó ọkọ̀ ojú omi lé lórí, ó sì parí rẹ̀ ní 1946, nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídeolú, ń ṣòwò nílé tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wo bí wọ́n ti pín ẹrù náà.

Bí ẹ bá ní ayé àtijọ́ ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Jámánì lónìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ gbọdọ̀ fi Yúrò 11,904 hàn fún ọdún kan. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Owó náà wọ inú àkáǹtì kan tí a tì pa. Nígbà tí ọmọ bá dé ibẹ̀, wọ́n ń tú Yúrò 992 sílẹ̀ fún un lóṣooṣù títí ọdún yóò fi pé. Ẹni tí ó yá owó sínú rẹ̀ fún oṣù kan kò lè kó o ní ọjọ́ kejì. Owó tí ọmọ fi hàn ni owó tí ọmọ ń jẹ. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò bá fi òfin ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, kí ni ó dí wa lọ́wọ́ láti fi ṣe òfin ilé wa?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní mo ti kàwé tán, mo sì ń di ọ̀nà mọ́ ọmọ tálákà. Pé bí a kò bá yá owó àfihàn, ọmọ olówó nìkan ni yóò máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní agbára, n kò ní fi ṣeré. Mo mọ àwọn tí wọ́n yá owó lọ tí wọ́n sì ti kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yọrí sí rere ni ó ń padà wá ní Kérésìmesì pẹ̀lú ọkọ̀. Àwọn tí kò yọrí kì í padà wá, nítorí náà a kì í rí wọn kà. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò ojú lásán fi ń tàn wá jẹ.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà kò mọ sí ọ̀kan. A ní yunifásítì ní Òkìtìpupa níhìn-ín, èyí tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 2008, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu lónìí. Láti ọdún 2024 ni òfin ti fi owó yíyá ìjọba àpapọ̀, NELFUND, lélẹ̀: kò ní èlé, ó sì ń san owó ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nílé. Kò san ti òkèèrè. Ọmọ tí ó bá gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé pẹ̀lú ìwé tí ó dára lè du ẹ̀bùn Chevening tàbí ti Commonwealth, tí ó ń san ohun gbogbo títí kan oúnjẹ. Ìdíje náà le, ọ̀pọ̀ ni kì í rí i gbà, n kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹ̀bùn ìjọba tiwa kò dá ènìyàn lójú mọ́ rárá: ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí ètò tí ó fi ń rán àwọn ọmọ wa lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè bí Rọ́ṣíà àti Mòrókò, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pariwo títí pé owó oúnjẹ àwọn kò dé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa àríyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ mi yóò bínú. Nígbà tí físà bá jáde, a ń pa màlúù, a ń yan aṣọ, a ń pe olórin, gbogbo àdúgbò ń jẹ ìrẹsì. Mo ti jókòó ní orí àga ńlá níbi irú àríyá bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé owó tí a fi ṣe é tó oúnjẹ oṣù méjì fún ọmọ tí a ń dágbére fún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin Ọba, Ìjòyè àti olórí ẹbí kò pọ̀. Kò sí oko ẹbí tí a ń tà ní ilẹ̀ wa tí àgbà kan kì í fi ọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n bá mú oko wá pé kí a tà á nítorí ìwé òkèèrè, ẹ ní kí wọ́n mú ìṣirò oṣù 12 wá, kí ó wà ní pọ́n-ùn, kì í ṣe ní náírà, kí wọ́n sì fi hàn yín ibi tí ìdajì kejì owó ẹ̀kọ́ yóò ti wá. Bí ó bá jẹ́ "Ọlọ́run yóò ṣe é" ni ó wà ní ìlà yẹn, ẹ má fi ọwọ́ sí i. Mo jẹ́ àlùfáà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó pa òwe ọkùnrin tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé ìṣọ́ lélẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní àkókò lọ́wọ́. Báńkì ń ṣí àkáǹtì owó òkèèrè fún ẹni tí ó bá fẹ́. Kí oníṣòwò epo ra pọ́n-ùn díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ta epo kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé e síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ 50. Bí náírà bá tún ṣubú, yóò bá a nínú ilé. Bí ọmọ kò bá sì lọ mọ́, owó náà wà.

Fún àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa, mo ní àbá kan. Owó tí à ń dá fún ayẹyẹ ọdọọdún, kí a yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí ó jẹ́ owó tí a fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ Ìkálẹ̀ là nígbà tí náírà bá já a jù sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Yíyá ni kí ó jẹ́, láìsí èlé, kí ọmọ náà san án padà fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó sì ní ẹnì kan, àgbà tí kì í tú àṣírí, tí ọmọ tí ebi ń pa lè pè ní òru láìbẹ̀rù pé ọjà yóò gbọ́ ní òwúrọ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi jẹ búrẹ́dì àti tíì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí pé kò mọ ẹni tí ó lè sọ fún.

Ìdílé láti Igbótako náà yóò padà wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo ti fa ìlà sínú ìwé kan fún wọn, owó ẹ̀kọ́ ní apá kan, oúnjẹ àti ibùgbé oṣù 12 ní apá kejì, ohun tí a ń san kí a tó lọ ní ìsàlẹ̀, àti àyè fún orúkọ ẹni tí yóò san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú rẹ̀, kí ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ọ̀sán Sátidé, kí ó mú ìwé tí yunifásítì kọ sí ọmọ rẹ̀ dání, kí ó mú ìwé báńkì rẹ̀, kí ó sì mú ọmọ náà pẹ̀lú. A ó jọ jókòó títí ìṣirò yóò fi tán. Ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ sí ìwé onídùúró fún owó àfihàn mọ́.